Owó ilé ni mo sá fún ní Èkó, mítà ló dá mi dúró ní Ìbàdàn

Gbèsè ẹlòmíràn ni mo ń san fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, inú sì ń bí mi títí dòní. 86,000 náírà ni. Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́, n ò mọ ẹni tó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n inú mítà ilé tí mo gbà ló wà, gbogbo ìgbà tí mo bá ra iná ló sì ń bù nínú owó mi.

Aránṣọ ni mí. Agége ni mò ń gbé tẹ́lẹ̀, yàrá kan àti pálọ̀, 450,000 náírà lọ́dún. Nígbà tó di ọdún 2024, onílé ní 800,000 lòun máa gbà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ 600,000, ó kọ̀ jálẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni gbogbo nǹkan ti ń gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ n ò lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ lé owó aṣọ rírán kí oníbàárà má sá. Ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Òjòó bá ní kí n máa bọ̀ n'Ìbàdàn.

Mo ṣírò ó. Inú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni mo kọ ọ́ sí, Èkó lápá kan, Ìbàdàn lápá kejì: ilé, oúnjẹ, ọkọ̀, omi, iná. Ilé Òjòó jẹ́ yàrá méjì àti pálọ̀, 350,000. Nígbà tí mo fi owó éjẹ́ǹtì, àgírímẹ́ǹtì àti káṣọ̀n kún un, ó di 455,000. Inú mi dùn débi pé n ò tún ojú ìwé yẹn wò mọ́. Níbi tí mo kọ iná sí, iye tí mò ń san ní Agége ni mo kàn tún kọ sápá Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í.

Ti kíkó ẹrù àti wíwá lọ́rì, ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Oúnjẹ kọ́kọ́ dà mí láàmú díẹ̀. Mo rò pé ìrẹsì Ìbàdàn wọ́n ju ti Èkó lọ, àṣé dẹ̀rìkà ni mo fi ń rà á ní Agége, kóńgò sì ni wọ́n ń wọ̀n fún mi ní Bódìjà. Mo gbé dẹ̀rìkà mi jáde, mo fi da ìrẹsì sínú kóńgò: ọ̀kan àtààbọ̀ kò tíì kún un. Nígbà tí mo pín owó rẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èlùbọ́ tó ń wá láti Òkè-Ògùn, àti ata àti tòmátì ọjà Ṣáṣà, ibẹ̀ ni mo ti rí èrè gidi. Ẹ má fi ìwọ̀n ìlú kan díye lé ti ìlú kejì o.

Iná wá ńkọ́? Àdúgbò wa ní Agége, bíi wákàtí mẹ́jọ la máa ń rí iná lójúmọ́, yúnìtì kan kò sì tó 70 náírà. Band A ni ilé Òjòó wà, ìyẹn ipele àwọn tó ń rí iná jù, tí owó iná wọn sì wọ́n jù. Éjẹ́ǹtì ń fi yangàn: "Àǹtí, ẹ ò ní mọ òkùnkùn níbí." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé owó Band A láti 68 náírà lọ sí 225. Ó ti wálẹ̀ díẹ̀ kí n tó kó dé, síbẹ̀ yúnìtì kan ṣì ju 200 lọ. 1,000 wáàtì ni áyọ́ọ̀nù mi. Tó bá gbóná fún wákàtí kan láìdákẹ́, ó ti jẹ yúnìtì kan. Wákàtí mẹ́ta ni mò ń fi lọ aṣọ lójúmọ́: 600 náírà ti lọ kí n tó tan fáànù.

Ìyẹn nìkan, ǹ bá fara mọ́ ọn. Àmọ́ mo ra iná 10,000, ó yẹ kí n rí bíi yúnìtì 44 lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ owó VAT, 22 ló wọlé. Mo rò pé ọmọ tó bá mi rà á ló gé e. Mo tún fọwọ́ ara mi ra 5,000, 11 ló wọlé. Ìgbà yẹn ni mo tó ka rìsíìtì náà láti òkè délẹ̀, mo sì rí gbèsè.

Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń pín iná. Wọ́n ní orúkọ mi kọ́ ló wà lórí mítà, kí n lọ mú onílé wá. Mo lọ kúnlẹ̀ kí Bàbá onílé.

"Bàbá, ẹ kú ilé, sà. Ọ̀rọ̀ iná ni mo bá wá."

"Ọmọ mi, n ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó iná. Ayálégbé tó kó lọ ni kí wọ́n lọ bá."

"Orúkọ yín ni wọ́n kọ síbẹ̀, sà."

Bàbá dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n kọ lẹ́tà fún mi. Mo mú un lọ, wọ́n ní ó ku àgírímẹ́ǹtì àti fọ́tò mítà. Mo kó ìyẹn lọ, ẹni tó máa buwọ́ lù ú ti gba ìsinmi. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n ní àwọn ò rí lẹ́tà Bàbá mọ́! Láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì ni mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, aṣọ ìgbéyàwó mẹ́fà sì wà nílẹ̀ tí n kò tíì gé. Micra méjì ni mò ń wọ̀ lọ, méjì ni mò ń wọ̀ bọ̀.

Ní ìgbà karùn-ún, mo to gbogbo rìsíìtì bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra, mo fi pín-ìn-nì dè wọ́n, mo kọ iye tó yẹ kí n rí àti iye tí mo rí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ́ ẹ síwájú ọ̀gá wọn obìnrin. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Ta ló bá yín ṣe èyí, mà?" Mo ní èmi fúnra mi ni. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n yọ gbèsè náà kúrò lórí mítà, wọ́n gbé e sọ́rùn Bàbá. Orí mi wú nígbà tí mo ń jáde níbẹ̀.

Nínú 40,000 tí mo ti fi ra iná, 20,000 ti bá gbèsè lọ. Bàbá fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sínú ìwé pé a máa yọ ọ́ nínú owó ilé tó ń bọ̀.

Ká ní mo mọ̀ ni, kí n tó sanwó ilé, ǹ bá ti gba nọ́ńbà mítà, ǹ bá fi ra iná 1,000 péré kí éjẹ́ǹtì dúró tì mí, kí n ka yúnìtì tó wọlé. Ǹ bá bi wọ́n léèrè Band tí ilé wà. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo fi ń lọ aṣọ òkè àti léèsì báyìí. Mi ò sì kọ owó tí màá fi máa padà lọ bá àwọn oníbàárà mi sílẹ̀ rárá. Ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2021: mo máa ń wọ̀ ọ́ ní Mọníyà pẹ̀lú àpò aṣọ méjì, màá sì sọ̀ ní Agége láàárín wọn.

Nígbà tí mo yọ 455,000 ti Òjòó nínú 800,000 ti Agége, 345,000 ni mo rò pé màá fi jèrè lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́rì gba 160,000 níbẹ̀. Nígbà tí mo tún yọ owó iná tó lé àti owó ọkọ̀ ojú irin, 70,000 ló ṣẹ́kù. Lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní sí lọ́rì, kò ní sí éjẹ́ǹtì. Mo ti lẹ ìwé Bàbá mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìwọ̀n mi, di ọjọ́ tí owó ilé bá pé.