Bẹ́ ẹ ṣe lè fi àjákù aṣọ ẹbí rán bùláńkẹ́ẹ̀tì fún ẹni yín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da àjákù ankara tó wà nísàlẹ̀ àpótí yẹn nù o. Tọ́mọ yín bá ń lọ sí London, ẹ kó ti òkú màmá àgbà, ti ìgbéyàwó, ti ìkómọ jáde, ẹ fọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó gé wọn torí àwọ̀ ankara míì máa ń yọ, á sì ba funfun jẹ́ pátápátá. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ gé e ní ínṣì 5 sí 5, mẹ́wàá ní ìbú, 12 ní òòró, tẹ́ ẹ bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì rán etí ẹ̀ pọ̀ á kù bí ínṣì 45 sí 54, ó tó bo ẹsẹ̀ lórí àga. Ẹ kọ́kọ́ tò ó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí pupa méjì má lọ fara kanra, kẹ́ ẹ tó rán an pọ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi sáàárín òun àti aṣọ tẹ́ ẹ máa fi ṣe ẹ̀yìn ẹ̀ (aṣọ òfì ti wúwo jù), kẹ́ ẹ fi òwú tó nípọn ta kókó mọ́ ọn káàkiri.

Ẹ má dá a ṣe ṣá. Aládùúgbò mi kan, "ẹ káàárọ̀" lásán la máa ń kí ara wa, ọjọ́ tó mú àjákù bùbá ọkọ ẹ̀ tó ti di olóògbé wá ló jókòó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ní báyìí èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ ọjà.

Òwú ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn ẹ̀ o, báírò á ṣí.