Típà ọ̀dà méje ṣòfò nítorí bàálù kan tó pẹ́

Típà méje tó kún fún ọ̀dà gbígbóná, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ títì, la dá padà lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, a sì sanwó gbogbo wọn pé. Ó ṣì ń dùn mí.

Pápákọ̀ òfurufú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ṣètò iṣẹ́ náà: a ń tẹ́ ọ̀dà tuntun sí rọ́nwè, ìyẹn ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé tó bá fẹ́ gbéra tàbí balẹ̀. Èkó ní rọ́nwè méjì: tí wọ́n bá ti ọ̀kan láti tún un ṣe, bàálù lè máa lo èkejì. Ẹyọ kan ṣoṣo làwa ní. Aago mọ́kànlá alẹ́ la ń gbà á, aago márùn-ún ìdájí la gbọ́dọ̀ dá a padà.

Ti NOTAM, ìyẹn ìkéde tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sáwọn awakọ̀ òfurufú, àti ìpàdé kò ṣòro, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Bàálù tó máa ń balẹ̀ kẹ́yìn ló fojú mi rí màbo.

Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ló yẹ kó dé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ló balẹ̀. Ọ̀dà ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń pò ó ní tiẹ̀, pẹ̀lú ooru tó tó 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn típà sì tò gbọọrọ lẹ́yìn géètì. Ẹni tó ń bójú tó ọ̀dà ń ki irin òṣùwọ̀n bọ ẹ̀yìn típà kọ̀ọ̀kan, ó ń ké sí mi: 141! 133! 126! Ìwé àdéhùn wa kò gba ohun tó bá wá sábẹ́ 130. Ọ̀dà tó ti tutù, rólà kò lè tẹ̀ ẹ́ kó kì; omi á ráyè wọ̀ ọ́, òkúta á máa yọ lára rẹ̀, ẹ́ńjìnnì bàálù á sì fà á mì. Mo ní kí wọ́n máa kó wọn lọ. Àwọn tó ni bàálù kò tilẹ̀ ní ẹ pẹ̀lẹ́.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti là á lé e pé típà kankan ò gbọdọ̀ kúrò níbi ìpò, àfi tí bàálù ìkẹyìn bá ti gbéra níbi tó ti ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ ka wákàtí yín láti aago márùn-ún ìdájí bọ̀ wá sẹ́yìn. Ẹ yọ àkókò tí ọ̀dà máa fi tutù, ti iná ojú rọ́nwè, ti ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń sàmì sí i àti ti gbígbá ilẹ̀. Ẹ má gbàgbé dída ọ̀dà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbi tí tuntun ti pàdé àtijọ́, kí táyà má baà forí sọ ọ́. Èyí tó kù fún yín ni kẹ́ ẹ fi pe típà.

Oṣù méjì gbáko la fi ṣe ìyókù, a ò sì fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ dá rọ́nwè padà. Inú mi dùn sí i gan-an. Owó típà méje yẹn ni a ò rí gbà dòní.