Bí ẹ ṣe lè rí olùkọ́ àdéhùn tó mọṣẹ́ gbà fún kọ́ọ̀sì social work

Tí sẹ̀mẹ́sítà bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kó bẹ̀rẹ̀, tí kò sì tíì sí ẹni tó máa kọ́ kọ́ọ̀sì iṣẹ́ wẹ́fíà ní ilé ìwòsàn, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka máa ń ṣe ni pé kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni tó bá ti ní másítà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dilẹ̀. Ẹ̀yin HOD (olórí ẹ̀ka) àti ẹ̀yin tí ẹ ń pín kọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni mò ń ṣètò kọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka social work, ìyẹn iṣẹ́ wẹ́fíà, ní yunifásítì ìjọba kan níbí nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ àdéhùn, àwọn tí a ń gbà láti ìta fún kọ́ọ̀sì kan, kì í sì í wọ́n lórí tábìlì mi. Ẹni tí ẹ bá gbà láti ìta gbọ́dọ̀ mú ohun tí kò sí nílé wá. Kí ó jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú iṣẹ́ náà, kí ó sì jẹ́ ẹni tó lè pa àṣírí àwọn tó wá bá a mọ́. Tí kò bá ní méjèèjì pọ̀, ó sàn kí àwọn olùkọ́ tó wà nílẹ̀ pín kọ́ọ̀sì náà láàárín ara wọn.

Kọ́ọ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ènìyàn. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì nílẹ̀ wa, gbé jáde, CCMAS, ti la ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí à ń kọ́ sílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì. Ìdá 30 tó kù, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló máa pinnu ohun tó máa fi sí i. Níbẹ̀ ni àyè ti pọ̀ jù fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níta, torí ibẹ̀ la ti lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò tiwa gan-an. Kọ́ọ̀sì lórí ọmọdé àti ẹbí, lórí ìwà ipá nínú ilé, lórí aláìsàn àti àwọn ará ilé rẹ̀, ẹ lè fi wọ́n lé ẹni ìta lọ́wọ́. Ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ń bẹ níbẹ̀. Òfin ọdún 2019 tó sọ àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n di Correctional Service ti fi probation (kí ẹlẹ́ṣẹ̀ máa gbé nílé lábẹ́ àbójútó dípò ẹ̀wọ̀n), parole (kí ẹlẹ́wọ̀n jáde lábẹ́ àbójútó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé) àti iṣẹ́ ìlú ṣíṣe kún iṣẹ́ wọn, ẹni tó sì ń tẹ̀ lé irú àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ délé ló lè sọ bó ṣe rí fún ọmọ ogún ọdún tí kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n rí.

Ṣùgbọ́n tíọ́rì, ọ̀nà ìwádìí, àti àbójútó project ìparí ẹ̀kọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ project nílò ẹni tó máa bá nínú ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí kò sí kíláàsì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú bírò. Yúníìtì kan jẹ́ wákàtí 15 nínú kíláàsì, kọ́ọ̀sì oníyúníìtì mẹ́ta sì jẹ́ wákàtí 45. Kò tíì kan kíka ìwé sílẹ̀, kíkọ ìbéèrè ìdánwò, tẹ́ẹ̀sì, àti mákìǹgì. NUC fẹ́ kí olùkọ́ kan bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ 30 ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bíi tiwa, àmọ́ gbogbo wa la mọ bí kíláàsì 200 level ṣe máa ń kún dé ojú fèrèsé. Ẹ sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ fún ẹni tí ẹ fẹ́ gbà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹni tó rò pé wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ lásán ni òun fẹ́ fi sílẹ̀, tí ẹ wá kó ìwé ìdánwò jàǹtìrẹrẹ fún, kò ní í padà wá, kò sì ní í tètè dá ìwé yẹn padà.

Níbo lẹ ti máa wá a? Ìwé tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ pátákó kò ní í mú un wá, torí kì í kọjá níbẹ̀. Ẹ lọ bá a níbi tó wà. UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, OAUTHC n'Ífẹ̀, gbogbo ilé ìwòsàn yìí ló ní òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó ń lọ láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, tó ń wá ará ilé fún aláìsàn tí wọ́n já sílẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ lórí owó ilé ìwòsàn. Mirabel Centre tó wà nínú ilé ìwòsàn LASUTH n'Íkẹjà ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò láti ọdún 2013. Ọ́fíìsì wẹ́fíà tó wà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ náà ńkọ́? Àwọn tó ń parí ìjà owó oúnjẹ ọmọ láàárín bàbá àti ìyá láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ má fojú rénà wọn nítorí pé wọn ò ní PhD.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ti wà, tí ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ṣe tirẹ̀ ní 2007, ẹjọ́ ọmọdé ní kọ́ọ̀tù ẹbí kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ láìsí àbọ̀ ìwádìí láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà. Ẹ lọ bá akọ̀wé kọ́ọ̀tù, kí ẹ bi í pé: nínú gbogbo wọn, àbọ̀ ta ni adájọ́ máa ń kà tí kì í pe ẹni tó kọ ọ́ padà wá ṣàlàyé? Ẹni tó bá lè kọ ọ̀rọ̀ ilé onílé sójú ewé méjì, kó yé adájọ́, kò sì fi ẹnì kankan ṣe yẹ̀yẹ́ nínú rẹ̀, ó ti ń ṣe ìdajì iṣẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì náà dára gan-an, nítorí àkókò wà lọ́wọ́ wọn. Kìkì ohun tí mo máa ń béèrè ni bóyá wọ́n ṣì ń ṣe iṣẹ́ wẹ́fíà níbì kan, ní ilé ọmọ aláìlóbìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, níbikíbi tí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, ẹ tẹ̀ lé ohun tí yunifásítì yín bá là kalẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá ẹni náà wà nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí, torí láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí òfin ìgbìmọ̀ social work ní ìparí 2022, ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè gbójú fò mọ́. Ohun tó máa ń dí ìwé lọ́nà jù ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Àfikún karùn-ún ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ gba owó ipò ìjọba méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní kíkún kò gbọdọ̀ ṣe òwò tàbí iṣẹ́ àdáni mìíràn, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Nítorí náà, tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ló ti ń bọ̀, ẹ gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kí ẹ sì gbé bí ẹ ṣe fẹ́ san owó náà lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò yunifásítì kí ẹnikẹ́ni tó wọ kíláàsì. Àwọn kan máa ń ní kí ó kàn máa bọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ má gbà á. Òun ni ìwé ẹ̀sùn (query) máa bá níwájú ọ̀gá rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù nìyí: ẹ jẹ́ kó kọ́ni lójú yín. Kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nìkan. Ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú, ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ bíi mélòó kan wá jókòó, kí ẹ sì fún gbogbo àwọn tó ń dupò ní iṣẹ́ kan náà. Èyí tí èmi máa ń lò ni pé: ìyá kan gbé ọmọ wá sí ọ́fíìsì wẹ́fíà, ó ní bàbá ọmọ kò mú owó oúnjẹ wá mọ́, ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ọkùnrin kan wá nígbà kan tí sláìdì rẹ̀ dán, tí èdè rẹ̀ sì já gaara. Nígbà tó dé orí àpẹẹrẹ, ó ní ẹjọ́ kan dé ọ̀dọ̀ òun ní àdúgbò báyìí báyìí, bàbá ọmọ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ọmọ àkọ́bí wọn wà ní poli. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn gbé ojú sókè lójijì, ó wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti mọ ilé náà. A kò gba ọkùnrin yẹn.

Obìnrin tó tẹ̀ lé e kò mú sláìdì kankan wá. Ó gbé àga méjì sí iwájú, kò jẹ́ kí wọ́n kọjú síra wọn tààrà, ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ìyá, kí èkejì ṣe òṣìṣẹ́. Èyí tó ń ṣe òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Kí ló dé tí ẹ fi bímọ fún un?” Ó dá a dúró, ó bi àwọn tó kù pé: “Ká ní ẹ̀yin ni ìyá yìí, kí lẹ máa ṣe?” Ẹnì kan dáhùn pé òun á gbé ọmọ òun, òun á máa lọ. Ó wá kọ ìbéèrè mẹ́ta sára pátákó: Ọmọ ti jẹun lónìí? Ọ̀dọ̀ ta ló máa sùn lálẹ́ yìí? Ta ló tún wà nínú ilé yẹn? Ó ní ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹjọ́ bàbá ń bọ̀. Nígbà tí a ní kó sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé òun ti yí orúkọ, ọjọ́ orí àti àdúgbò padà, ìgbà yẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Irú ẹni tí ẹ ń wá nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí náà máa di àṣírí àwọn ènìyàn mú láìpẹ́, bí wọ́n bá sì ṣe gbọ́ olùkọ́ wọn tó ń sọ̀rọ̀ oníbàárà ni wọ́n ṣe máa sọ ọ́.

Ó kan owó. Ẹ sọ ọ́ kí kíláàsì àkọ́kọ́ tó wáyé, iye rẹ̀, ọjọ́ tó máa wọlé, àti ibi tó ti ń bọ̀. Nígbà tí IPPIS, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń sanwó òṣìṣẹ́ rẹ̀, ń san owó oṣù ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, pariwo títí pé kò sí àyè nínú rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ tó ń wá láti ibòmíràn. Tó bá jẹ́ inú owó tí yunifásítì ń pa wọlé fúnra rẹ̀ ló ti máa jáde, ẹ gba ìfọwọ́sí Bọ́sà (olórí ètò ìnáwó yunifásítì) sórí ìwé, kì í ṣe ìlérí lẹ́nu. Mo fẹ́ kí ẹ pín in sí méjì: apá kan láàárín sẹ̀mẹ́sítà, ìyókù nígbà tó bá fi máàkì sílẹ̀. Owó ọkọ̀ dá dúró ní tirẹ̀. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Akọkà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti ń náwó kí ó tó ya ẹnu kọ́ni.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ sínú lẹ́tà náà. Lọ́dún 2022, láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá ni ASUU fi wà nílé. Olùkọ́ àdéhùn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa kọ́. Ẹ kọ ọ́ gbangba: ṣé wọ́n á san owó wákàtí tó ti ṣe? Tí yunifásítì bá ṣílẹ̀kùn padà nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ níbòmíràn ti gbà á lọ́wọ́, ta ló máa parí kọ́ọ̀sì?

Nígbà tó bá ti gbà, ẹ má jù ú sínú omi. Ẹ fún un ní káàdì ìdánimọ̀ kí síkiúrítì má baà máa dá a dúró ní géètì níwájú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ẹ fún un ní kọ́ọ̀sì autláìnì, nọ́ńbà kíláàsì rẹ́pù, àti olùkọ́ kan nílé tó máa bá a yẹ ìbéèrè ìdánwò wò, tó sì mọ bí máàkì ṣe ń lọ sí Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí èsì ìdánwò. Ẹ fi ibi tó máa darí akẹ́kọ̀ọ́ sí hàn án pẹ̀lú, torí ní kíláàsì lórí ìwà ipá nínú ilé, ẹnì kan máa ń dúró lẹ́yìn tí àwọn tó kù bá ti jáde, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló sì fẹ́ sọ. Ohun kan tó kù ni pé kí ẹ má ṣe sọ ọ́ di alábòójútó practicum (ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́) lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, owó mìíràn, lẹ́tà mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè, nígbà tí àtúnṣe ṣì wúlò. Tí ẹ bá fẹ́ kó padà wá ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ fún un ní lẹ́tà tuntun kí èsì ìdánwò tó dé Sẹ́nétì, torí ọ̀gá tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tún lẹ́tà ìyọ̀ǹda kọ, ìwé ìjọba kì í sì í yára.