Pọ́tà Kọ́ Ló Jẹ̀bi, Ojú Mi Ni

₦180,000 ni mo fi ra pọ́tà tókunbọ̀ kan, ìyẹn ọ̀pá tá a fi ń rọra gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù sínú ihò, lọ́dún yìí, nítorí pé ó ti sú mi kí n máa pàdánù owó lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta tá a jọ ń gbá gọ́ọ̀fù ní Sátidé n'Íbàdàn. Mo rà á tán, mo tún ń pàdánù. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ọ̀pá náà ń wá ihò fúnra rẹ̀. Irọ́ gbuu!

N ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú o. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ibi tí ojú ń wò ni tèmi.

Ní ihò kẹtàdínlógún, bọ́ọ̀lù mi ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ihò. Mo gbá a, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọjá lọ. Àwọn èèyàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa mí. Kádì mi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín, bàbá kan tó ti ń gbé àpò láti ayé bráùn, nígbà tó jẹ́ iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì la fi ń ṣe gíríìnì, ìyẹn ojú ilẹ̀ tó yí ihò ká.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kì í wo bọ́ọ̀lù."

Mo ní, "Bàbá, mo wò ó."

"Àmì wo ló wà lára rẹ̀?"

Ẹnu mi wọhò.

Nígbà tí mo délé, mo gbé bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀, mo dúró bí ẹni fẹ́ gbá a, mo gbé òmíràn sáàárín ojú mi méjèèjì, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Òdì kejì èyí tó wà nílẹ̀ ló bọ́ sí. Ojú mi ti kọjá bọ́ọ̀lù, ọ̀nà tí mò ń rò pó tọ́ sí ihò ti wọ́. Mo sún sẹ́yìn díẹ̀, ó parí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Ọrùn tó máa ń tètè gbé orí sókè ló kù, ọrùn ò sì gbọ́ràn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi bá a jà lórí rọ́ọ̀gì pálọ̀. Mo wá ẹyọ owó náírà kan tó ní àwòrán Herbert Macaulay, mo gbé bọ́ọ̀lù lé e lórí. Àdéhùn tí mo bá ara mi ṣe ni pé tí bọ́ọ̀lù bá ti lọ, irunmú Macaulay ni kí n kọ́kọ́ rí. Ọjọ́ kìíní, nínú ogún ìgbà, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo rí i. Ọmọbìnrin mi ló ń kà á, kò sì ṣàánú mi: "Dádì, ẹ tún ti gbórí sókè!" Ìyá rẹ̀ yọjú láti kíṣìnì, ó béèrè ohun tí mo sọ nù.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ihò ọ̀hún fẹ̀. 108 mílímítà ni ẹnu rẹ̀, bọ́ọ̀lù ò sì tó 43. Ṣùgbọ́n tí orí bá ti gbéra, èjìká á tẹ̀ lé e, ojú pọ́tà á ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Joan Vickers, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Calgary ní Kánádà, wo ojú àwọn agbágọ́ọ̀fù, ó rí i pé àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá máa ń tẹjú mọ́ ibì kan ṣoṣo fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́ta, wọn kì í sì í tètè gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Jordan Spieth, agbágọ́ọ̀fù tó gba ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní Masters lọ́dún 2015, máa ń wo ihò fúnra rẹ̀ nígbà náà tí bọ́ọ̀lù bá sún mọ́ ọn. Mo dán ìyẹn náà wò. Rọ́ọ̀gì ni mo gbá. Ẹ jẹ́ kí Spieth máa ṣe tiẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé pọ́tà mi àtijọ́ dání. Ihò kẹtàdínlógún náà ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ́tẹ̀ yìí. Koríko ni mò ń wò nígbà tí mo gbọ́ "kó" nínú ihò. Mo gba ₦5,000 lọ́wọ́ wọn, mo fún bàbá ní méjì níbẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tó bá jìn sí ihò ṣì ń dà mí láàmú. Pọ́tà ₦180,000 wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹni tó tà á ò sì gbé fóònù mi mọ́.