Bí a ṣe ń mú dírífà tó bá ọ̀wọ́ LED mu

Ẹ má fi wáàtì (W) ra dírífà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ iná ilé di èyí tí LED lè lò. Dírífà 12W kan lè máa gbé 300mA jáde ní 40V, òmíràn lè máa gbé 600mA jáde ní 20V. Ti àkọ́kọ́ á tan LED 1W méjìlá tí a so tẹ̀lé ara wọn (ohun tí à ń pè ní ọ̀wọ́ nìyẹn). Ìkejì ò ní lè tan wọ́n. Tí ẹ bá wá so ó mọ́ mẹ́fà, á jó wọn, torí LED 1W funfun kì í sábà gbà ju 350mA lọ.

Nítorí náà, kọ́rẹ́ǹtì (iye mA) ni kí ẹ kọ́kọ́ wò níbi tí wọ́n kọ OUTPUT sí. Fún LED 1W, 300mA la fara mọ́: ìmọ́lẹ̀ á dín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbóná jù, á sì pẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò fólìtì. LED funfun kan ń gba nǹkan bíi 3.2V, méjìlá á gba 38.4V. Dírífà tí wọ́n kọ "DC 30–42V" sí lára bá a mu. Tí àpapọ̀ yín bá ga ju ààlà òkè lọ tàbí tó kéré sí ti ìsàlẹ̀, iná á máa ṣẹ́jú tàbí kó má tàn. Ẹ ṣọ́ra o: LED kan wà nínú pánẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ 6V tàbí 9V ẹyọ kan, bó tilẹ̀ jọ ti 3V lójú. Ẹ ka ohun tó wà lára dírífà àtijọ́ kí ẹ tó ra tuntun.

Ẹ yọ dírífà kúrò lára iná kí ẹ tó so ó mọ́ LED. + dírífà lọ sí + LED àkọ́kọ́, − rẹ̀ sí + ìkejì, títí tí − èyí tó kẹ́yìn á fi padà sí − dírífà. Ẹ má ṣe fi wáyà LED kan dírífà tó ti wà lórí iná láti dán an wò. Bí dírífà kò bá ru ẹrù, ìyẹn bí kò bá sí LED lẹ́nu rẹ̀, fólìtì rẹ̀ máa ń ga sókè, iná tó ti kó jọ sínú kàpásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú rẹ̀) á sì tú sórí LED lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ dírífà olówó pọ́ọ́kú kò ya ẹnu ìjáde wọn kúrò lára iná 230V, wáyà tó lọ sí LED náà lè gbé èèyàn.

Ọ̀wọ́ méjì lórí dírífà 600mA kan kò dára: kọ́rẹ́ǹtì kì í pín dọ́gba, bí ọ̀wọ́ kan bá sì já, gbogbo 600mA á wọ èkejì. Dírífà kan fún ọ̀wọ́ kan.

Bí LED kan bá jó, tí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ (solder) so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, mọ́kànlá á gba 35.2V, ó ṣì wà láàárín. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́ta, ó di 28.8V, dírífà 30–42V ò ní gbé e mọ́.