Bí mo ṣe pààrọ̀ ilẹ̀kùn kábọ́ọ̀dù kíṣìn wa láì tú àpótí ẹ̀

Ilẹ̀kùn kábọ́ọ̀dù tó wà lókè kẹ́tùlù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ilé tí wọ́n ti ń rokà tí wọ́n ń tẹ̀bà, kẹ́tùlù ò lè sinmi, ooru ẹ̀ sì ń lọ tààrà sára ilẹ̀kùn yẹn lójoojúmọ́ títí rọ́bà funfun tí wọ́n fi bò ó fi ṣí létí, omi ráyè wọ pákó inú ẹ̀, pákó wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Àtìgbà yẹn lojú ti ń tì mí tí àlejò bá ti fẹ́ wọ kíṣìn.

Peckham là ń gbé, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí mo kọ́kọ́ pè wá wò ó ní àfi ká tú gbogbo kíṣìn dànù ká ra tuntun, owó tó sì pè, mi ò lè sọ ọ́ létí ọkọ mi. Bọ̀ọ̀dá kan tó ń ṣe kápẹ́ńtà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló gbà mí. Ó ṣí kábọ́ọ̀dù, ó fìka kan inú ẹ̀ kọ́kọ́kọ́, ó ní, "Àǹtí, àpótí yìí ṣì le dáadáa, kí lẹ fẹ́ tú u fún? Ilẹ̀kùn àti ojú dúrọ́ọ̀ nìkan lẹ máa pààrọ̀, wọ́n ń tà á ní ṣíṣe tán, ẹ ò ní kun nǹkan kan."

Ohun tí wọ́n fi bo pákó yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Èyí tí wọ́n fi fáínìlì, ìyẹn rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bò ló pọ̀ jù, MDF, pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ ṣe, ló wà nínú ẹ̀, owó ẹ̀ ò ga, ṣùgbọ́n òun náà ló bó mọ́ mi lọ́wọ́ yẹn torí gáàmù tó mú un máa ń rọ̀ tí ooru bá ń bá a lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n kùn lọ́dà dáa, àmọ́ tí ìkòkò bá gbá a létí, ọ̀dà á sán. Ẹ̀kẹta ni pákó tí wọ́n ti lẹ ojú mọ́ láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n wá fi téèpù líle yí etí ẹ̀ ká.

Mo ní káwọn tó ń tà á fi sáńpù ránṣẹ́. Mo fa epo pupa sára gbogbo wọn, mo fi í sílẹ̀ di àárọ̀, mo tún gbé wọn sókè kẹ́tùlù nígbà tí mò ń tẹ̀bà. Epo kúrò lára wọn tí mo fi ọṣẹ àti omi lílọ́ nù ún, àfi èyí tí wọ́n ń pè ní Shaker, tó ní férémù yí ká, epo há sí kọ̀rọ̀ ẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi yọ ọ́. Ó rẹwà o, àwọn èèyàn ń rà á gan-an níbí, ṣùgbọ́n kíṣìn tí wọ́n ti ń din ata ò bá a mu. Mo mú pẹrẹsẹ, aláwọ̀ eérú tí ò dán, ẹ̀kẹta yẹn.

Ìwọ̀n ló wá gba sùúrù. Ilẹ̀kùn àtijọ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀n, ẹ má wọn àpótí, torí àpótí tó fẹ̀ ní mìlímítà 500, 496 nilẹ̀kùn ẹ̀, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ káwọn ilẹ̀kùn má baà máa ha ara wọn. Gíga ni wọ́n ń kọ ṣáájú ìbú. 715 × 496 ni púpọ̀ nínú tèmi, mo sì ti kọ ìkan ní 496 × 715 kí bọ̀ọ̀dá yẹn tó rí i, wọn ì bá lu ihò híńjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ò yẹ, mi ò sì ní lè dá a padà, torí òfin tó ní kọsítọ́mà lè dá ọjà tó rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì padà láàárín ọjọ́ 14 ò kan ohun tí wọ́n gé sí ìwọ̀n tèèyàn.

Ihò híńjì yẹn, mìlímítà 35 ló fẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láti orí ilẹ̀kùn dé àárín ihò, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ dé àárín ihò, 22.5 ni tèmi. Kẹ́ ẹ sì wọn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, torí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì wa, ihò ẹ̀ fi mìlímítà 12 relẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ, ká ní mo wọn ẹyọ kan tí mo fi gbé gbogbo ẹ̀ ni, ilẹ̀kùn yẹn ò ní bá àwọn tó kù dọ́gba.

Ọjọ́ tí wọ́n kó o dé ni mo ti tú gbogbo páálí ẹ̀. Igun ìkan ti fọ́, mo ya fọ́tò ẹ̀ kíá, wọ́n sì fi òmíì ránṣẹ́.

Ilẹ̀kùn ò le láti dè, híńjì tuntun tó máa ń rọra padé la lò. Ojú dúrọ́ọ̀ ló gba àkókò: súkúrù inú la kọ́kọ́ tú, a fi téèpù olójú méjì lẹ tuntun mọ́ ọn, a sún un títí àlàfo òkè àti ìsàlẹ̀ fi dọ́gba, ká tó wá dè é láti inú. Fún ihò háńdù, mo gé páálí kan, mo dá ojú ihò méjèèjì sí i, òun la ń gbé lé gbogbo ẹ̀ kó lè bára mu, bọ̀ọ̀dá sì ń ti àfọ́kù pákó mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kó tó lù ú, kí ẹ̀yìn ẹ̀ má baà ya.

Sátidé kan àti ọ̀sán Sọ́ńdè la fi parí ẹ̀. Mo gbé kẹ́tùlù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́jọ́ yẹn náà, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní.