Bí a ṣe lè dúró ti ẹgbẹ́ aláàánú ìlú wa kó má baà kú lẹ́yìn lọ́ńṣìn

Okun o, ẹ̀yin ará wa, ará Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú, Ọ̀wọ̀rọ̀ àti gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ilẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́. Tí wọ́n bá ní ká wá dáwó níbi lọ́ńṣìn, àwa ará ìlú máa ń dá a, a kì í sá, alága á gba máíkì, wọ́n á máa pe orúkọ, ìlù á máa dún, ẹni tó ṣèlérí mílíọ̀nù kan á jókòó, ẹni tó mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá náà á jó débẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ tó bá di oṣù kẹta sí i, ẹ lọ wo ilé ìkàwé tí wọ́n torí ẹ̀ dáwó, wọ́n ti tì í pa, torí pé kò sẹ́ni tó ń fún ọmọ tó ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ní nǹkan kan. Ohun tó ń pa àwọn ẹgbẹ́ aláàánú wa nìyẹn, owó kéékèèké oṣooṣù tí kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó san án. Torí náà ni mo ṣe kọ èyí fún ẹni tó fẹ́ ṣèrànwọ́ tó máa pẹ́, bóyá ilé ní Kàbà lẹ wà ni o, tàbí Èkó, Àbújá, tàbí ìlú òyìnbó.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ má tíì dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń wuni kéèyàn fi orúkọ ìyá ẹ̀ tó ti lọ dá fáńdéṣọ̀n sílẹ̀, mi ò sì bú ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ẹnì kan ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an ní àdúgbò kejì, agbára ẹ̀ ni ò gbé e. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀. PTA ilé ìwé wà níbẹ̀, ìgbìmọ̀ SBMC ilé ìwé ìjọba (àwọn ará ìlú tó ń bá ilé ìwé ṣàkóso) náà wà níbẹ̀, Ward Development Committee tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn tó jọ jáde ilé ìwé, àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà oko lóru (lásìkò táwọn ajínigbé ò jẹ́ ká sinmi yìí, ẹ má fo àwọn yẹn), àti àwọn NGO tó ti forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bi nọ́ọ̀sì, ẹ bi ọ̀gá ilé ìwé, ẹ bi ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, wọ́n á sọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà fún yín.

Ká mú ọ̀kan tàbí méjì péré nínú gbogbo wọn. Ẹni tó fún ẹgbẹ́ mẹ́wàá ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ẹ̀ẹ̀kan ò tíì ran ìkankan lọ́wọ́.

Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ibí ni mo ti fẹ́ ká dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó tó pọ̀ jù ti ń ṣòfò. Mo wà níbi tí wọ́n ti ń tú páálí ìwé tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ láti òkè òkun sí ilé ìkàwé kan ní Yàgbà. Ìyá tó ń tọ́jú ibẹ̀ fi réṣà ya téèpù orí páálí, ó ń mú ìwé náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi etí ìró ẹ̀ nu eruku ara wọn. Ìwé kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ ẹ̀ ò sí láyé mọ́ wà níbẹ̀, ìwé òfin owó orí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, insaikilopídíà mẹ́ta, lẹ́tà A, F àti M, ìyókù ò sí. Ìyá yẹn tò wọ́n sórí pẹpẹ, ó ní "a dúpẹ́ o, Olúwa á san án fún wọn." Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì san owó ọkọ̀ tó gbé páálí náà wá láti Èkó. Ohun tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń bèèrè lójoojúmọ́ ni past question WAEC àti ti JAMB, àti iná sólà kan tó máa jẹ́ kí wọ́n lè kàwé di aago mẹ́jọ alẹ́. Gbogbo ẹ̀ ò tó iye tí wọ́n ná lórí páálí yẹn.

Torí náà, ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ jókòó, kí ẹ má gbé kámẹ́rà dání. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ná owó lé lórí lóṣooṣù. Ẹ bi wọ́n pé kí ló tán lóṣù tó kọjá tí wọn ò rí rà. Kí ẹ wá bi wọ́n pé èwo nínú ohun táwọn èèyàn ti fún wọn ni kò wúlò. Wọn ò ní dáhùn ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o, torí ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni ò ní fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìmoore, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ni yín sí wọn tàbí ẹ ti joyè. Ẹ padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, tàbí kí ẹ rán àbúrò yín kan tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù.

Ẹ wádìí wọn, ṣùgbọ́n ẹ má dà bí ọlọ́pàá

NGO tó bá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin máa wà lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, Part F nínú CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020, ló ń ṣàkóso wọn. Ẹ lè yẹ orúkọ wọn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin yẹn ò gbà kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pín owó ẹgbẹ́ mọ́wọ́, iṣẹ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ló gbọ́dọ̀ bá lọ. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi annual returns, ìyẹn ìròyìn ọdọọdún, ránṣẹ́ sí CAC lọ́dọọdún, láàárín 30 June sí 31 December. Tí ẹ bá wá rí i pé wọ́n kọ "inactive" síwájú orúkọ wọn, ẹ má sáré pè wọ́n lólè, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké ni kò rówó san fún un tàbí tí kò mọ̀ pé ó yẹ kóun ṣe é. Ẹ bi wọ́n. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bá wọn ṣe nìyẹn, kí ẹ san gbèsè CAC náà.

Ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò tí ò dé CAC rí ńkọ́? Kò sí wàhálà, ẹ ṣì lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí mi ò ní gbójú fò ni mẹ́ta yìí. Àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe orúkọ alága. Ó kéré tán, ẹni méjì tó máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Àti ìwé kan, ìwé gígùn lásán ti tó, tí wọ́n ń kọ ọjọ́, iye, ẹni tó mú un wá, ohun tí wọ́n fi ṣe àti iye tó ṣẹ́ kù sí, tí wọ́n sì fi píìnì so rìsíìtì mọ́ ojú ìwé náà. Ẹ sọ fún akápò kó máa ya fọ́tò rìsíìtì POS lọ́jọ́ tó bá gbà á, torí íńkì orí bébà yẹn máa ń parẹ́, tó bá fi máa di oṣù mẹ́fà ó lè ti di bébà funfun, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tí kò jí nǹkan kan.

Owó: kékeré tó ń wá lóṣooṣù

Èmi gbà pé èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ kó èèyàn ọgbọ̀n jọ, kí kálukú máa san ₦1,000 lóṣù. ₦30,000 nìyẹn lóṣù, ₦360,000 lọ́dún. Kò pọ̀ lójú ẹni tó ti gbọ́ mílíọ̀nù níbi lọ́ńṣìn, àmọ́ ó máa ń dé, akápò mọ ọjọ́ tó máa dé, ó lè fi ṣètò, nígbà tí mílíọ̀nù táwọn kan fẹnu lásán ṣèlérí ṣì wà nínú ìwé ìlérí. Tí báǹkì yín bá ní standing order lórí áàpù, èyí tó máa ń fi owó ránṣẹ́ fúnra ẹ̀ lóṣooṣù, ẹ ṣe é sí ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí owó oṣù yín bá wọlé, kí ẹ má baà máa dúró de ìgbà tẹ́ ẹ bá rántí.

Kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi owó náà ṣe ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ san. Owó ọkọ̀ ẹni tó ń lọ sí abúlé, dátà, ọṣẹ ìfọwọ́, bọ́ọ̀bù, owó ẹni tó ń gbálẹ̀, fọ́tòkọ́pì. Ó máa ń bí mi nínú táwọn èèyàn bá ní "owó mi, ọmọ aláìní nìkan ni kẹ́ ẹ fi ṣe lóore o, ẹ má fi wọkọ̀." Báwo ni wọ́n ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà? Ẹni tó ti wọ ọ̀nà Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀ nígbà òjò mọ ohun tí mò ń sọ.

Kò pọn dandan kí ẹni tó jẹ́ àgbẹ̀ máa san owó lóṣooṣù. Tí kajú bá dé, láti bíi February lọ, owó máa ń wà lọ́wọ́, ẹ mú tiyín wá lásìkò yẹn fún odindi ọdún. Tàbí kó jẹ́ iṣu, àpò àgbàdo tàbí ọkà bàbà, PTA lè fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ tó ń gba lẹ́sìnnì lọ́jọ́ Sátidé. Kí akápò kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kọ owó.

Àkókò àti iṣẹ́ ọwọ́

Ilẹ̀ wa ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀wẹ̀ àti àáró. Bàbá wa ló ń pe ọ̀dọ́ jọ láti bá opó kọ́lé, kò sẹ́ni tó ń pè é ní volunteer nígbà yẹn. Ohun tó yí padà ni pé iṣẹ́ tí wọ́n nílò báyìí pọ̀ ju ọkọ́ àti àdá lọ. Ẹ wo ilé ìwòsàn ìjọ ECWA tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀. 1908 ni Tommy Titcombe tó jẹ́ míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) dé ìlú yẹn, ilé ìwòsàn náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Nígbà tí àwọn ilé ibẹ̀ ti gbó, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti òkè òkun ló wá bá wọn tún un ṣe, oníṣẹ́ ọwọ́ sì wà nínú wọn dáadáa, kì í ṣe dókítà nìkan. Ṣé káfíńtà ò sí ní Ìsánlú ni? Ṣé oníná ò sí ní Mopa?

Torí náà ẹ fún wọn ní ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Àkáúńtáǹtì, ẹ jókòó ti akápò fún wákàtí méjì ní ìparí oṣù. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, ẹ bá wọn kọ lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ fi bèèrè ìrànwọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ìṣirò ń dààmú àwọn ọmọ o, ẹ fún wọn ní ọjọ́ Sátidé yín. Ẹ má sọ pé "mo máa máa wá," ẹ dárúkọ ọjọ́ àti aago, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ máa dúró dà, oṣù mẹ́ta ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ti fi ẹsẹ̀ rìn wá tí kò bá tíṣà, kò ní wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn kọ́pà náà wà nítòsí, CDS, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ìlú tí wọ́n wà, jẹ́ ara iṣẹ́ ìsìnlú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wá ohun gidi tí wọ́n máa ṣe, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ ọrẹ. Ẹni tó ti tó ọmọ ọdún 18 tí kò tíì kọjá 65, tó wọ̀n tó kílò 50, tí ara ẹ̀ sì dá, lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́rin. Àwọn ìyá tó ń bímọ ni ẹ̀jẹ̀ yẹn sábà máa ń gbà là, torí ẹ̀jẹ̀ lè dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ kó tó di pé wọ́n rí ẹni tó bá a mu nínú ẹbí.

Ohun kan tí mi ò ní fi falẹ̀: tó bá jẹ́ ọmọdé lẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́, àgbàlagbà méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó má jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá. Kí ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má gbé fọ́tò ọmọ tó ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ yín sórí Facebook. Ọmọ yẹn máa dàgbà nínú ìlú kan náà, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á sì máa fi bú u.

Ẹ̀yin tó wà lókèèrè

Ẹ yan ẹnì kan nílé tó máa jẹ́ ojú yín, kó má jẹ́ ẹbí ẹni tó ń gba owó. Tẹ́ ẹ bá wálé ní December, ẹ yà síbẹ̀ láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀, kí ẹ kí wọn, kí ẹ wo ìwé akápò. Kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ.

Ẹ máa bèèrè ìròyìn

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n fi ohùn tàbí ojú ìwé kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp, iye tó wọlé, iye tó jáde, ohun tó ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fèsì, àní "a ti rí i, ẹ kú iṣẹ́" lásán, torí akápò tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn máa dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Tí ìṣirò ò bá dọ́gba, ẹ pè é ní kọ̀rọ̀ kọ́kọ́, kí ẹ tó sọ ọ́ nínú gúrúùpù. Tí kò bá rí àlàyé ṣe, ẹ gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀, tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá owó dúró, kí ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún wọn ní tààrà, kí ẹ má kàn pòórá.

Tó bá sì ń lọ dáadáa lẹ́yìn ọdún kan, ẹ wá ẹni méjì tó máa wọlé pẹ̀lú yín. Ẹgbẹ́ tó gbójú lé ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá ṣàìsàn tàbí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ilẹ̀kùn ilé ìkàwé yẹn tún máa tì.